Ohùn Àyọ̀ká ní Ìlú Ọba Ài

Ẹ gbé ẹ̀pà ẹnu yín mì, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó ń rún ẹ̀pà kì í gbọ́ bí ewé ṣe ń mì, ìtàn tí mo gbé wá lónìí sì ń fẹ́ etí ọdẹ. Ìtàn Ọdẹ́dìran ni, ọdẹ Òkè-Ààrò, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá pa ọ̀yà kan, ẹnu rẹ̀ á ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta lé e kó tó délé. Ẹ má bínú sí i. Ìbọn rẹ̀ kì í sábà tàsé. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í mọ ibi tí yóò dúró sí. Bó bá jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, tí a yí i ká, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, àwa náà á gbàgbé pé ebi ń pa wá.

Ọdẹ́dìran ní ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Ìyá àti bàbá ọmọ náà ti re ibi àgbà ń rè, ọdẹ yìí ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ohùn ọmọ náà ń dún bí agogo. Bó bá dúró létí oko ìrẹsì tó fi ohùn náà lé ẹyẹ, ẹyẹ á fò, ṣùgbọ́n wọn á tún fò padà wá gbọ́ ìyókù.

Ní ọjọ́ ọjà kan, iwin kan wá sí ọjà wa tó wà létí igbó. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti wọ ẹsẹ̀. Ó ru igbá, ó ń kiri: "Gẹ̀ẹ́sì tútù rèé! Gẹ̀ẹ́sì tí kò ì ṣá! Ẹni bá rà á, àna rẹ̀ á bẹ̀rù rẹ̀!"

Baálẹ̀ wa nígbà náà ni Láwọyin, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, á ní ilé òun ló fẹ́ kọ́kọ́ kàn. Etí rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó dúró ṣinṣin.

"Èló ni?" ni Baálẹ̀ wí.

"N kì í gbowó, Baálẹ̀. Ohùn ni mo fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ fún mi ní ohùn kan, kí n fún yín ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn ẹnikẹ́ni tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ yín."

Àyọ̀ká ló ru àpótí Baálẹ̀ wá sí ọjà lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. "Ti ọmọ yìí ńkọ́? Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀."

Iwin na ọwọ́, ó yọ ohùn ọmọ náà bí ẹni yọ òwú lára aṣọ, ó ki ohùn náà bọ inú àdó, ó dé e. Kó tó lọ, ó bojú wẹ̀yìn, gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ: "Kí àgbàdo tuntun tó gbó, ohùn yìí á ti di ọmọ ìlú wa. Bí ẹ bá pè é nígbà náà, kò ní mọ̀ pé òun lẹ ń pè."

Ọ̀rọ̀ tí Baálẹ̀ gbà ní pàṣípààrọ̀ ni "ọ́fíkọ́ọ̀sì", ìyẹn ni "dájúdájú". Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Obìnrin kan wá sunkún pé ìjì ti ṣí òrùlé òun lọ. "Ọ́fíkọ́ọ̀sì!" ni Baálẹ̀ wí. Ọkùnrin kan wá túfọ̀ bàbá rẹ̀. "Ọ́fíkọ́ọ̀sì!" Nígbà tí Ọdẹ́dìran ti oko ọdẹ dé, tó rí i pé Àyọ̀ká ń la ẹnu tí nǹkan kan kò jáde, ó gbọ̀nà ilé Baálẹ̀ lọ.

"Baálẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe sí ọmọ yìí?"

"Ọ́fíkọ́ọ̀sì."

"Ṣé ẹ ó lọ gba ohùn rẹ̀ padà?"

"Ọ́fíkọ́ọ̀sì," ni Baálẹ̀ wí, ó sì tún ìdí rẹ̀ ṣe lórí àga.

Ọdẹ́dìran mọ̀ pé ẹni tí yóò lọ ti dé, òun náà ni. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di iṣu sísun díẹ̀ sápò, ó wo Àyọ̀ká lójú. "Bí wọ́n bá fi ohùn yìí pamọ́ sínú ikùn òkè, n ó la òkè náà. Èmi tí mo fi ọwọ́ lásán yọ eyín ẹkùn!" Ẹkùn náà ti kú kó tó yọ eyín rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

N kò ní fi ọ̀nà jíjìn dá yín lágara. Ó wọ igbó, igbó gbà á, ó rìn títí ó fi dé ibi tí igi kò ti jọ igi mọ́. Níbẹ̀ ni ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan dúró sí láàárín ọ̀nà.

"Gò ni mí," ni ẹni náà wí. "Èmi ni mo ni lílọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, á kọ́kọ́ dá mi."

Wọ́n wọ̀yá ìjà. Ọdẹ́dìran gbé e, ó là á mọ́lẹ̀, ó dúró tì í, ó ń lu àyà: "Mo ti dá a! Ta ló tún kù nínú ayé?" Àṣé ìjà tó bá ti parí ti di ti àná nílẹ̀ yẹn. Kó tó lu àyà tán, ọkùnrin mìíràn ti dìde láti ibi tí Gò ṣubú sí, ó sanra, ó kúrú, kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá.

"Ta lo dá? Gò lo dá. Gò kò ní ohun tó ti kọjá. Èmi Wẹ́ǹtì ni mo ni ín."

Ọdẹ́dìran dá òun náà. Ó tún dúró láti yangàn. Bó ti ń yangàn lọ́wọ́ ni ẹ̀kẹta dìde, Gọ́ọ̀nù, arúgbó tí kò lè dá dúró, tó fara ti ọ̀pá, tó sì ń fi ọ̀pá náà na ọdẹ nígbáàyà. Báyìí ni wọ́n ń yí po, tí Gọ́ọ̀nù bá ṣubú, Gò á tún dìde. Oòrùn ń gun orí lọ. Ọdẹ́dìran ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó ṣàkíyèsí pé àpá kan náà ló wà ní gìgísẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ̀yin olè wọ̀nyí," ló wí, "ẹnì kan ni yín! Aṣọ lẹ ń pààrọ̀! Nílé wa, a lọ lánàá, à ń lọ lónìí, a ó lọ lọ́la. Ẹsẹ̀ ni ó máa ń rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pa ojú dà." Ó sì wá rí ohun kejì, èyí tí kò dùn mọ́ ọn láti rí: ìgbà tó bá dúró yangàn ni ẹni tó kàn máa ń ráyè dìde. Ó gbé Gò, ó là á mọ́lẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kọjá lọ. Wẹ́ǹtì dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò bá ẹnikẹ́ni.

Ó rìn síwájú. Ó gbọ́ ohùn kan tó ń ké bọ̀ lókèèrè: "Dì!" Èyí tó tẹ̀ lé e ké pé, "Ńlá!" Òmíràn ní, "Adẹ́rùbani!" Òmíràn, "Pupa!" Òmíràn, "Eléèékánná ṣóńṣó!" Ọdẹ́dìran kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gun igi, ó ki ìbọn, ó ń gbọ̀n. Àwọn akéwì ń kọjá lábẹ́ igi, oyè kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n ń kì kò tíì yọ. Ìgbà tí wọ́n kọjá tán, adìyẹ òpìpì kan tí ìyẹ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀ tiro kọjá.

Ọdẹ́dìran sọ̀ kalẹ̀, ó di akéwì tó gbẹ̀yìn mú. "Olúwa yín dà?"

"Òun nìyẹn."

"Adìyẹ yẹn? Èyí tó ń pariwo 'Dì' níwájú yín ńkọ́, kí ló ń wí?"

"Ó ń wí pé ẹni tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"N kò mọ̀ ọ́n rí! Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ pe adìyẹ, kí á mọ ẹni tí à ń bẹ̀rù? Nílé wa, ajá á kọ́kọ́ yọ kí dúdú rẹ̀ tó yọ."

Akéwì náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Níbí, iyì ló ń ṣíwájú, ẹni tó ni ín á máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá kọ́kọ́ pe adìyẹ, ta ni yóò dúró gbọ́ ìyókù?"

Bí Ọdẹ́dìran bá sọ ọ́ dé ibí yìí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, Lákànlé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà, kì í lè pa á mọ́ra. "Ọdẹ, ṣé nítorí adìyẹ lo ṣe gun igi?"

"Èmi kò gùn ún nítorí adìyẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ ni mo ṣe gùn ún. Adìyẹ kò pa ọdẹ rí, ọ̀rọ̀ ti pa púpọ̀. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, ìgbà wo lo bá mi débẹ̀?"

Ó dé oríta kan. Ọkùnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbé ẹrù lé e lórí: ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, òun ló ń ru ìbéèrè rẹ̀, ẹni tó fẹ́ sọ pé rárá, òun ló ń ru àìgbà rẹ̀. Bó bá sì gbé e dé ibi tó ń lọ, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Ọdẹ́dìran kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó tọ́, bó bá ń kọjá níbi iṣẹ́, á kí òṣìṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá."

Ẹrù já bọ́ lórí ọkùnrin náà. "Kí lo wí?"

"Mo kí yín ni."

"Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi kí mi?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Bí n bá kọjá lára òṣìṣẹ́ tí n kò kí i, ìyá mi á jí nínú sàréè wá bá mi wí." Ó wo àtàrí ọkùnrin náà, ó rí i pé ó ti bó. "Ẹ̀yin ń ru ẹrù láìsí òṣùká? Ta ló kọ́ yín?" Ó já ewé tútù, ó wé òṣùká, ó gbé e lé e lórí, ó sì bá a gbé ẹrù náà rù padà.

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Dú lorúkọ mi. Láti ìgbà tí ilẹ̀ yìí ti wà ni mo ti ń ru ẹrù wọn. Ọ̀rọ̀ yòókù ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Èmi, bí mo bá dé inú ọ̀rọ̀, wọ́n á ní n kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè kọ̀ fún ẹnì kejì níbí bí n kò bá gbé àìgbà náà rù. Ọba gan-an kò lè ṣe é." Ó nu ojú. "Ẹnikẹ́ni kò kí mi rí."

Wọ́n jọ jẹ iṣu sísun. Nígbà tí Dú gbọ́ ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká, ó dìde, ó ní, "Ààfin ọba ni àdó ohùn wà. Jẹ́ ká jọ lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà ààfin, oníbodè kan tó ń jẹ́ Yú nàka sí ọdẹ. "Ìwọ! Kí lo wá ṣe?"

"Ta lò ń pè ní ìwọ? Irun mi ti funfun kí wọ́n tó bí bàbá rẹ!"

"Ìwọ ni mò ń pe gbogbo ayé. Ìkókó, ìwọ. Arúgbó, ìwọ. Bí mo bá kọjú sí ọba, ìwọ náà ni. Bí ènìyàn bá kún ọjà, ìwọ kan náà ni."

Inú Ọdẹ́dìran ru. Lọ́jọ́ mìíràn, ìbọn ni ìbá fi dáhùn. Ó rántí ẹnu tí Àyọ̀ká ń là lásán, ó gbé ìbínú náà mì. "Nítorí ọmọ, àgbà á jẹ́ ìwọ lónìí. Mú mi wọlé."

Ọba Ài nìyí o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe "èmi". Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, kò ní ikùn, kò ní apá, ó kàn dúró gbọnrangandan. Ọ̀rọ̀ yòókù nílẹ̀ náà a máa tẹ̀ ba bó bá wà láàárín èrò. Òun nìkan ni kì í tẹ̀, ìbáà wà níwájú, ìbáà wà láàárín, ìbáà gbẹ̀yìn. Kò jókòó rí, torí pé jíjókòó yóò sọ ọ́ di kúkúrú.

"Èmi gbọ́ pé èmi ní àlejò," ni ọba wí. "Èmi rí i pé èmi ni àlejò náà wá wò."

Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ọba wo ilẹ̀. "Ṣé nǹkan rẹ bọ́ síbẹ̀ ni?"

"Mo ń kí yín ni, Kábíyèsí. Ohùn ọmọ mi ni mo wá gbà."

Wọ́n fi yàrá àdó hàn án. Ohùn oríṣiríṣi ló so rọ̀ níbẹ̀ bí èso. Ọdẹ́dìran pe, "Àyọ̀ká!" Àdó kan mì, ṣùgbọ́n ó lọ́ra kó tó mì, bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ń di àjèjì sí i. Ẹ̀rù tó ju ti orí igi lọ ba ọdẹ níbẹ̀. Ó fò mọ́ àdó náà, ó dì í mú ṣinṣin.

Ọba Ài pariwo: "Dú! Wá gbé àìgbà èmi lé ọkùnrin yìí lórí!"

Dú fi ọwọ́ kan òṣùká orí rẹ̀. Kò mira.

"Dú! Èmi ń pè!"

"Mo gbọ́," ni Dú wí. "Mo ti ru ti gbogbo yín. Ọkùnrin yìí kí mi nídìí iṣẹ́, ó sì bá mi gbé ẹrù rù. N kò lè ru ẹrù ibi lé e lórí. Ẹ rù ú fúnra yín."

Ọba la ẹnu. Àìgbà náà wá dé ètè rẹ̀, kò rí ẹni gbé e, ó ṣubú sílẹ̀, ó fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wo ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ara rẹ̀. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àdó èmi kò ní kúrò nílé èmi. Abẹ́ ahọ́n rẹ ni wàá gbé ohùn náà sí. Bí o bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ohùn náà á bá ọ̀rọ̀ rẹ jáde, á sì tán. Èmi ti ń gbọ́ ìyangàn rẹ láti ọ̀dọ̀ Gò. O kò ní kọjá igi àkọ́kọ́."

Ọdẹ́dìran ṣí àdó, ó da ohùn náà sábẹ́ ahọ́n. Ó gbóná, ó ń gbọ̀n bí ọmọ ẹyẹ. Ó forí balẹ̀ fún Dú láì sọ̀rọ̀, ó pa ẹnu dé, ó gbọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkùnrin yìí, ẹ wò ó. Ẹni tí kì í lè tọ̀ kó má ròyìn ibi tí ìtọ̀ náà dé! Ó dé ọ̀dọ̀ Gò, ìyẹn ń pariwo láti òkèèrè: "Ọdẹ́dìran! Mo ti ń sọ fún gbogbo igbó pé èmi ni mo dá ọ. Bí irọ́ bá ni, jà mí níyàn!" Ọdẹ fi ọwọ́ di etí. Ó kọjá. Àwọn akéwì adìyẹ òpìpì sáré láti ẹ̀yìn wá lé e bá: "Bàbá ọdẹ, adìyẹ wa ti sùn, a kò níṣẹ́. A ó ké ṣíwájú yín títí délé yín. Ẹ ṣáà sọ iyì yín fún wa, èwo ni ká kọ́kọ́ ké?" Háà! Ohun tí Ọdẹ́dìran ti ń lá àlá rẹ̀ láti ìgbà èwe nìyẹn, kí ẹlòmíràn máa bá a yangàn kí ó sì máa rìn bọ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sáré.

Ó wá dé ilé, ilé sì le ju igbó lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Ènìyàn lè jí ewúrẹ́ ní Òkè-Ààrò ká dárí jì í tó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ká kí ọ, kí o má dáhùn, ìyẹn ti di ogun. Àwọn obìnrin létí odò rí i, inú wọn dùn: "Bàbá ọdẹ, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ewu!" Ó mi orí. "Orí ni wọ́n ń fi dá ènìyàn lóhùn báyìí? Ó ti gbéra ga!" Lákànlé sáré jáde láti inú oko, ó na apá: "Ọdẹ́dìran! Káàbọ̀!" Ọdẹ wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Apá Lákànlé rọ. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" ló wí jẹ́jẹ́. Ọdẹ́dìran ti sọ fún wa pé nínú gbogbo ohun tí igbó ṣe sí òun, kò sí èyí tó dùn òun tó bẹ́ẹ̀.

Baálẹ̀ Láwọyin jókòó níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wo ọdẹ wa! Ó ní ìlú iwin lòun ń lọ. Abẹ́ ẹ̀gẹ́ ló lọ sùn sí! Ṣé irọ́ ni mo pa? Bí irọ́ bá ni, sọ̀rọ̀!"

"Sọ̀rọ̀!" ni èrò ń wí.

Ìdáhùn ti tò sẹ́yìn eyín Ọdẹ́dìran, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ju ọ̀bẹ lọ. Ó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ jù. Ó mọ èyí tí yóò mú Baálẹ̀ sá wọlé. Ó gé ètè rẹ̀ jẹ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn, ó ń lọ.

"Ewúrẹ́ kan ni ìtanràn àìdáhùn Baálẹ̀!" ni Láwọyin kígbe, ó dìde, ó ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé Baálẹ̀.

Àyọ̀ká jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó àgbàdo tuntun. Ọdẹ́dìran rí àgbàdo náà, ó rántí ìhàlẹ̀ iwin tí gbogbo ọjà gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ hóró kan. Oje funfun bíi wàrà jáde. Kò tíì gbó. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó la ẹnu rẹ̀ sí ti ọmọ bí ẹyẹ tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Nǹkan kan fò kọjá. Àyọ̀ká wúkọ́. Ó gbé nǹkan mì. Ọdẹ rò pé òun ti pẹ́ jù.

Àyọ̀ká gbé àgbàdo sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá mi, ẹ kú àbọ̀."

Lákànlé fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo wa wo Ọdẹ́dìran, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti dòmìnira, ìdáhùn tó tò sẹ́yìn eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Baálẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó gbé apá sókè díẹ̀ bí ẹni tí òkúta ń bọ̀ wá bá.

Ọdẹ́dìran la ẹnu.

"Oo," ló wí. "Kú ilé, ọmọ mi. Kú ilé."

Ó tún un wí. Àwọn obìnrin rọ́ wọ inú àgbàlá láti gbọ́ ohùn ọmọ náà, Lákànlé rọ́ tẹ̀ lé wọn. Baálẹ̀ dúró níta, ó ń dúró de èébú tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí láti bú u.